Oúnjẹ Rẹ Pọ̀ Lókè, Gaibin

Gaibin, àbúrò mi, òjò ọdún kẹrin ti ń fọ sàréè rẹ. Láti Johor ni mo ti ń kọ èyí sí ọ, ní òdìkejì òkun, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ooru kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí pé ìbora wà láyé. Èmi ẹ̀gbọ́n ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ. Ìwọ lo yára. Bẹ́ẹ̀ lo ti ń ṣe láti kékeré. A ó jọ gbéra nílé, kí n tó fi okùn agbọ̀n kọ́ èjìká tán, ìwọ ti kọjá odò.

Àwa tó kù ń kí ọ. Rundim ìyàwó rẹ ń kí ọ. Juplin ọmọ rẹ ọkùnrin ń kí ọ, Welmina ọmọ rẹ obìnrin ń kí ọ, àwọn ọmọ Juplin tí o kò dúró rí ń kí ọ pẹ̀lú. Má ṣe rò pé a ti gbàgbé rẹ. Ta ló fẹ́ gbàgbé rẹ ní abúlé Tinunsan? Títí di òní, bí ẹnìkan bá wọ ilé láìnu ẹsẹ̀, wọn á ní, “Gaibin ti dé.”

Ilé ti parí! Ilé tí o fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tí o ń sọ pé bí o bá lè pọn ẹrù gun òkè fún ìgbà díẹ̀ sí i, yóò parí. Juplin ti kan páànù rẹ̀, ó ti rẹ́ ẹ, ó sì ti kùn ún ní àwọ̀ ewé. Kábéèjì rẹ̀ ń ṣe dáadáa, ó ti ra ọkọ̀ tó fi ń kó o lọ sí ọjà Kundasang. Ọmọbìnrin rẹ̀ kejì gbé ìrìn rẹ lódidi. Ó kéré gan-an, síbẹ̀ ó máa ń tẹ̀ síwájú bí ẹni tó pọn sílíńdà gáàsì sẹ́yìn. Gbogbo wa máa ń rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ àgbà a sì sáré wọlé lọ nu ojú ní ìkọ̀kọ̀.

Ọpẹ́ la fẹ́ dá lónìí, Gaibin. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọpẹ́ náà tó yé ọ. Ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà, oúnjẹ rẹ ni wọ́n sì fẹ́ẹ́ jà lé lórí.

O mọ ohun tí àwọn bàbá wa máa ń sọ. Wọ́n ní ẹni tó bá kú nílẹ̀ wa kì í lọ jìnnà, òkè Nabalu ló ń gùn. Ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Irun igi ni yóò sì máa jẹ, àwọn ewé kéékèèké tó rọ̀ bí òwú yẹn, tó máa ń bo igi àti òkúta mọ́lẹ̀ níbi tí kùrukùru ti ń sùn. Pásítọ̀ wa kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ọmọ ẹsẹ̀ òkè lòun náà. Bí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú rẹ̀, ibòmíràn ló máa ń wò.

Rundim gbà á gbọ́. Ohun tó sì ń dùn ún jù ni orúnkún rẹ. Ẹrù ti bà á jẹ́ pátápátá kí o tó kú. Báwo ni ọkùnrin tí kò lè dé ẹ̀yìnkùlé láìdi ògiri mú yóò ṣe máa gun òkè lójoojúmọ́ lọ wá oúnjẹ? Ohun tó ń rò nìyẹn nígbà tí àwọn ẹlòmíràn rò pé ọ̀fọ̀ nìkan ló ń ṣe é. Ọ̀fọ̀ ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ronú oúnjẹ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a sin ọ́ tó fi pọn agbọ̀n, tó gun gegele òkè tó wà lẹ́yìn abúlé lọ, tó ṣí irun igi lára ẹ̀ka kan tó wó lulẹ̀. Ó gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó tẹ́ ẹ sórí òkúta ńlá ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, kí o lè máa wá jẹun nítòsí. Kò ṣàdédé yan òkúta yẹn o. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé wa bí ìyàwó, irun igi wà lórí rẹ̀ tó nípọn débi pé adìẹ máa ń yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Láràárọ̀, ó ń fi kẹ́tù bomi rin ín, ó sì ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Irun igi náà gbẹ. Ó di àwọ̀ tábà, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Rundim tún lọ mú òmíràn wá, ìyẹn náà gbẹ. Ó tún lọ.

“Kò jẹ ẹ́,” ló ń sọ káàkiri ilé. “Ó kọ oúnjẹ mi.”

Ìwọ tí o kò kọ oúnjẹ rẹ̀ rí! Ìwọ tí o jẹ ọbẹ̀ ọjọ́ tó gbàgbé iyọ̀, tí o tún bù sí i!

Àkókò yẹn gan-an ni Welmina padà sẹ́nu iṣẹ́ tí o kọ́ ọ. Ó tún ń ṣe atọ́nà, ó ń kó àwọn àlejò gun òkè, ó ń kó wọn sọ̀ padà. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà Dunsim tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa wá tọrọ ata. Ó rí irun igi tó gbẹ lórí òkúta, ó bi Rundim ohun tó ń fi í ṣe, Rundim sì sọ fún un.

“Ẹ̀ ń wá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ káàkiri, ẹni náà sì ń sùn nílé yín,” ni ìyá àgbà wí. “Ọmọ yín ń fi bàtà tẹ àwo bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wá fẹ́ kó jẹun?”

Ó mú ata rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Gaibin, ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyàwó rẹ lára. Nígbà tí Welmina dé ní ìrọ̀lẹ́, tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí ó tó wẹ̀ tán, bàtà ti di àwátì. Inú àká ni Rundim gbé e lọ, ó ri í mọ́ inú ìrẹsì.

“Ina, bàtà mi dà?” ló bi ìyá rẹ̀.

“Ó ti lọ sinmi. Ìwọ náà, lọ sinmi.”

“Ina, mo ní àlejò lọ́la o.”

“Kí àlejò mú ẹlòmíràn. Iṣẹ́ wà lóko ẹ̀gbọ́n rẹ.”

“Ama fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí.”

“Ama rẹ náà lebi ń pa lókè. Mú ọ̀kan nínú méjèèjì.”

Ọmọ gidi lo bí, Gaibin. Kò janpata. Ó wọ oko kábéèjì lọ. Àmọ́ o mọ Welmina, kò lọ́wọ́ oko. Ó ń gbin kábéèjì, ojú rẹ̀ ń wo òkè. Juplin máa ń dúró tì í, a máa gbọnrí. “Ìwọ ò gbin kábéèjì, àbúrò. Ìwọ ń fi wọ́n pamọ́ fún eku.” Welmina ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Juplin ló sọ fún mi pé nígbàkigbà tí òkè bá mọ́ gaara láàárọ̀, àbúrò òun kì í lè jẹun.

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́dún yìí, àwọn atọ́nà ẹgbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ti pẹ́ jù tí kò gun òkè. Bí kò bá padà láàárín oṣù yẹn, wọn yóò gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì bọ́ sípò tí o fi ọwọ́ ara rẹ mú un sí. Welmina ka iṣẹ́ tí wọ́n rán náà lójú fóònù rẹ̀, ó jókòó sáàárín kábéèjì, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Mo pe Rundim. Mo ní, “Ìyàwó wa, ẹ ṣàánú ọmọ yìí.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé nínú ooru, kí lẹ mọ̀ nípa ebi tó ń pa òkú òkè?”

Ọdún wo ni mo ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn gbẹ̀yìn?

Ṣùgbọ́n Rundim kò sùn lé ọ̀rọ̀ náà. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀ bó ti wú. Lọ́jọ́ kejì ó kéde nínú ilé pé òun ń lọ bi ọ́ fúnra òun. Bí o bá ń bínú, kí o sọ. Bí o bá fẹ́ kí Welmina fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí láé, kí o sọ. Bí o kò bá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí o jẹun.

Juplin ní, “Ina, níbo lẹ ti fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀?”

Ó ní, “Mo bá a sùn láti ìgbà tí a kò tíì bí ẹ. Màá gbọ́.”

Ó wọ inú àká, ó gbọn ìrẹsì kúrò nínú bàtà Welmina, ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. “Wọ̀ ọ́. Tòní nìkan ni o. Mi ò mọ̀nà ni.”

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà láìsí àwọsánmà kan lójú ọ̀run. Ọ̀gbẹlẹ̀ díẹ̀ ti mú ní gbogbo àyíká, òjò ọ̀sán ti dáwọ́ dúró. Rundim ti se ìrẹsì, ó ti pọ́n ọn sínú ewé. Ó ti bu bosou sínú ìgò, ẹja tó fi ìrẹsì kan títí tó fi ń ta imú láti òdìkejì ilé, bí o ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó kó o sínú agbọ̀n, ó wọ bàtà rọ́bà dúdú rẹ̀ tó fi ń lọ oko. Lẹ́nu ọ̀nà òkè, Jukim tí ẹ jọ ń pọn ẹrù nígbà èwe ló ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ń gòkè. Irun rẹ̀ ti funfun báyìí.

“Ìyá Juplin! Ibo lẹ forí lé?”

“Mo ń lọ kí ọkọ mi.”

Jukim kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ bá mi kí i. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó má tíì tẹ́ ẹní dè mí o.”

O mọ ọ̀nà náà ju gbogbo wa lọ. Jẹ́ kí n ṣáà bá wọn rìn ín díẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ti kúrò níbẹ̀, ọkàn mi nìkan ló kù tó ń lọ. Ní ìsàlẹ̀ ni àwọn igi ńláńlá wà, àwọn tí èso wọn ń dé fìlà, tí èso náà máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ń gòkè, igi á máa kúrú, ewé á máa kéré, á máa le. Òtútù á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ á máa so kọ́ ara igi. Òdòdó pupa á yọ lójijì níbi tí ènìyàn kò retí. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ilẹ̀ pupa wà, níbi tí igi kò ti ga ju ọmọdé lọ, nítorí ahun ni ilẹ̀ náà, kì í fún wọn ní nǹkan. Òkè rẹ̀ ni òkúta nìkan, òkúta gbalasa, àti afẹ́fẹ́, àti omi tó ń dì nínú kòtò òkúta kí oòrùn tó là. Ṣé o rántí ọdún tí o ń fẹ́ Rundim? O fọ́ yìnyín lókè, o gbé e sínú fúláàsì sáré wá fún un. Nígbà tí o fi dé ilé wọn, ó ti domi. O ní kó mu ún bẹ́ẹ̀, pé yìnyín ni tẹ́lẹ̀. Ó mu ún! Ó sì fẹ́ ọ.

Wọn kò lọ jìnnà tí Welmina fi sọ pé, “Ina, ẹ jẹ́ n gba agbọ̀n.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti darúgbó?”

Wọ́n tún rìn. Rundim di òpó àtẹ̀gùn kan mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ina, ẹ jẹ́ n gba agbọ̀n.”

“Ṣé mo ní kó o má gbà á ni? Látàárọ̀ ni mo ti ń retí ẹ.”

Nígbà tó yá, wọ́n kan ewé oníkòkò kan létí ọ̀nà, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò bí abọ́, tó ní ìdérí lókè. Ẹranko kékeré kan bí ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí imú rẹ̀ gùn, jókòó sẹ́nu kòkò náà, ó ń lá oje dídùn tó wà lábẹ́ ìdérí. Ó lá a, ó lá a. Kó tó fò lọ, ó yàgbẹ́ sínú kòkò.

“Háà! Inú abọ́ tó ti jẹun?”

“Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn, Ina. Ewé ń fún un ní oje, òun náà ń fún ewé ní ìgbẹ́. Ilẹ̀ ibí kò lọ́ràá, ìgbẹ́ yẹn lewé fi ń dàgbà.”

Rundim kọjú sókè, ó ké sí ọ. “Bàbá Welmina o! Irú aládùúgbò wo lẹ bá pàdé yìí?”

Ọmọ rẹ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Rundim wò ó. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti gbàgbé bí ẹ̀rín ọmọ náà ṣe ń dún.

Wọ́n wá dé ibi irun igi. O mọ ibẹ̀. Gbogbo igi ló wọ aṣọ, láti gbòǹgbò dé ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, oòrùn àárọ̀ ti ráyè wọ inú igbó. Irun igi ti ká kò, ó ti gbẹ, ó ti pọ́n. Rundim na ọwọ́ sí èyí tó wà lára ẹ̀ka kan tó sún mọ́ ọn. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ sí i lọ́wọ́, bíi ti ẹ̀yìn ilé gẹ́lẹ́.

Ó jókòó sórí gbòǹgbò.

“Níbí náà! Welmina, níbí náà! Kò jẹ níbí náà. Kí ni mo fi ṣe é? Ṣé aṣọ tá a fi sin ín ni kò wù ú? Ṣé torí mo bú u lórí ọtí ni? Ọkọ mi ti ń febi sùn látọjọ́ yìí!”

Ó ń sunkún, Gaibin. Kò sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ọ́. Welmina fẹ́ di í mú, ó ta ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Bọ́ bàtà yẹn! Bọ́ ọ báyìí! O ò tún wọ̀ ọ́ mọ́ láyé.”

Welmina jókòó sílẹ̀, ó tú okùn bàtà kan, ó tú ìkejì. Ó bọ́ ọ. Ó wà níbẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì wo àfonífojì nísàlẹ̀ bí o ṣe kọ́ ọ láti máa wò ó.

“Ina, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Kò tíì tó àkókò ni.”

“Àkókò kí ni?”

“Ẹ ṣáà jókòó.”

Wọ́n jókòó. Nísàlẹ̀, oòrùn ti mú ilẹ̀ Ranau gbóná. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láti àárín àfonífojì, tẹ́ẹ́rẹ́, bí èéfín igi tútù. Ó gun gegele kan, ó sinmi, ó gun òmíràn. Ó bo oko. Ó bo orí igi ńláńlá. Lẹ́ẹ̀kan náà ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, Rundim kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Kò sí òjò. Kò sí ìró kankan. Ṣùgbọ́n irun orí wọn rin, irun ojú wọn rin, aṣọ wọn wúwo.

Ó gbọ́ tó. Tó. Tó. Omi ń kán láti ara igi tí òjò kò rọ̀ sí.

Nígbà tí kùrukùru náà fúyẹ́ díẹ̀, Rundim wo ẹ̀ka tó wà níwájú rẹ̀. Irun igi ń jí. Ó ń tú ọwọ́ rẹ̀ tó ká kò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tó ti pọ́n, ó ń di àwọ̀ ewé, ó ń wú, ó ń tàn. Rundim dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e bí ẹni gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Omi ṣàn gba àárín ìka rẹ̀.

“Ó ń mumi,” ló wí.

“Ó ń mumi, Ina. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí oòrùn bá mú un, á gbẹ. Bí kùrukùru bá dé, á jí.”

“Kì í ṣe pé ó kú?”

“Kì í kú. Ó ń dúró ni.”

Rundim ní, “Tilé ńkọ́? Tí mo tẹ́ sórí òkúta?”

“Kùrukùru kì í dé ilé wa mọ́, Ina. Kẹ́tù yín ṣe ìwọ̀n tí agbára ẹ̀ mọ.”

“Àwo bàbá rẹ tó o ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ìyá àgbà ní...”

“Ẹ wo ibi tí àwo wà, Ina. Ara igi ló wà. Ṣé orí igi ni mo máa ń gbà kọjá ni, bí ọ̀bọ?”

Rundim wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó wo ọ̀nà tó jẹ́ òkúta àti pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n nínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti rin gbindin.

“Wọ bàtà rẹ kí òtútù má pa ẹ́,” ló wí. “O kàn jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀.”

Lẹ́yìn náà ló tú agbọ̀n. Ó fẹ́ gbé ìpín tìrẹ sí ìdí igi, Welmina ní wọn kì í gba ènìyàn láyè láti fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí òkè, pé wọn á gba ìtanràn. Rundim rò ó. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó fa tìrẹ mọ́ra, ó sì jẹ ẹ́.

“Bàbá Welmina, ẹ má bínú, mo ti bá yín jẹ ẹ́. Mo ti rí i pé oúnjẹ yín pọ̀ lókè. Mo ti rò pé ẹ̀ ń bínú ni. Ẹ ò bínú. Ẹ ṣeun.”

Òjò tó ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ mélòó kan ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó na wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́ ọjọ́ kejì, Rundim kò lè tẹ orúnkún. Ìdí ló fi ń sọ àtẹ̀gùn ilé, tó ń pariwo pé ṣé orúnkún rẹ lo wá fi ránṣẹ́ sí òun ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó jí ló ti fọ bàtà Welmina. Ó gbé e sínú oòrùn. Kò bá ọmọ náà sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó kàn sọ fún Juplin, ó pariwo rẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́, pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a fi kábéèjì pamọ́ fún eku.

Nígbà tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lórí fóònù, ọ̀rọ̀ òkúta yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Gaibin, ìwọ nìkan ni a lè jọ rántí èyí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kùrukùru kì í dúró lókè. Ó máa ń wọ abúlé. Ìyá wa á sáré kó aṣọ nílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ìwọ àti èmi á máa wá ara wa láàárín àgbàlá, a ó máa fọwọ́ tá afẹ́fẹ́, a ó gbọ́ ohùn ara wa láìrí ara wa. Òkúta ẹ̀yìn ilé hu irun tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bomi rin ín. Ó ti gòkè lọ báyìí. Juplin ní orí gegele ló ń dúró sí, lókè ibi tí oko tó kẹ́yìn parí sí, àti pé lọ́dọọdún ó ń fà sókè díẹ̀ sí i. Ilẹ̀ ti gbóná ju ti ìgbà wa lọ, a sì ti gé igi púpọ̀ nítorí kábéèjì. Mo sọ ọ́ fún Rundim bí mo ṣe rántí rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nítorí náà kùrukùru ló fi wá sílẹ̀, kì í ṣe òun.”

Mo ní, “Òun kọ́.”

Ó mí kanlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ ọ ní Johor.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Gaibin. A dúpẹ́ pé o kọ́ ọmọ rẹ láti jókòó dúró de kùrukùru. A dúpẹ́ fún ẹrù gbogbo tí o pọn, àti ilé tó ti inú rẹ̀ jáde. A dúpẹ́ pé o fẹ́ obìnrin tó lè gun òkè lọ bá ọ jà nítorí ọmọ rẹ̀. Juplin ti ya apá òkè oko rẹ̀ sọ́tọ̀, èyí tó bá igbó pààlà, kò gbin nǹkan síbẹ̀ mọ́. Àwọn igi tí èso wọn ń dé fìlà ló ń gbìn síbẹ̀. Ó ní ọmọ òun ló máa jẹ èrè rẹ̀, pé tòun ni kí òun ṣáà gbìn ín.

Àyájọ́ ọjọ́ tí o lọ rèé, Welmina kò sì sí nílé. Àwọn àlejò rẹ̀ kò lè yẹ ọjọ́ wọn. Ó bẹ̀rù láti sọ ọ́, ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé kó máa lọ, pé ọ̀dọ̀ rẹ náà kọ́ ló ń lọ ni? Juplin pè mí láàárọ̀ yìí, ó gbé fóònù sókè kí n lè rí ìyàwó rẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun. Ó dúró, ó fi ìbora bo èjìká, ó kọjú sí òkè tó mọ́ gaara. Ọdún mélòó ni ó fi ń wá ẹnìkan ṣoṣo lórí òkè yẹn! Lónìí, ènìyàn méjì ló ń wò. Ọ̀kan yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ á ti dé ojúgun rẹ̀, á sì máa pariwo pé ebi ń pa òun. Ìyá rẹ̀ ti gbé ìrẹsì tirẹ̀ kaná. Ìkejì kò ní í sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ló ń kí, ó ń kí i pẹ́, ẹnu rẹ̀ ń mì, Juplin kò sún mọ́ ọn láti gbọ́.

Àárò rẹ ń sọ wá, Gaibin. A fẹ́ràn rẹ, a kò dáwọ́ dúró. Ọmọ rẹ ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Wo bó ṣe ń rìn.